Bùbá Kò Ní Kọ́là: Òfin Aṣọ àti Òfin Eré Tí Ìgbà Ti Lọ Lórí Wọn Nínú Gọ́ọ̀fù

Bùbá kò ní kọ́là. Ìbáà jẹ́ sányán, ìbáà jẹ́ léèsì olówó ńlá, ọrùn rẹ̀ roboto ni. Ẹ wá mú òfin aṣọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ọ̀pọ̀ pápá gọ́ọ̀fù, nílé níbí àti lókè òkun, kí ẹ kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́: ẹ̀wù gbọ́dọ̀ ní kọ́là, ó gbọ́dọ̀ wọ inú ṣòkòtò, ṣòkòtò kò gbọdọ̀ jẹ́ jíìnsì. Bàbá tó wọ bùbá àti ṣòkòtò lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, tí gbogbo àlejò ń sọ pé ó múra dáadáa, kò yẹ lẹ́ni tó lè gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀.

Ojú mi rí i. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n wá wo òun bí òun ṣe ń gbá gọ́ọ̀fù. Ẹ̀wù ọlọ́rùn roboto kan tó mọ́ tónítóní ni mo wọ̀. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, ọ̀gá, ẹ ò lè wọlé pẹ̀lú aṣọ yìí.” Mo bi í pé kí ni kọ́là fẹ́ ṣe fún ẹni tó kàn fẹ́ jókòó wòran. Ó ronú díẹ̀, ó ní, “Bí mo ṣe bá a nìyẹn, sà.” Kò rí mi fín rárá. Òótọ́ tó mọ̀ ló sọ.

Ìdáhùn yẹn kò kúrò lọ́kàn mi, nítorí pé òun náà ni ìdáhùn tí gọ́ọ̀fù ti ń fún aráyé láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn òfin kan wà nínú eré náà tí wọ́n lè sọ ìdí tí wọ́n fi wà. Àwọn mìíràn wà tí kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè sọ nípa wọn ju pé bí a ṣe bá wọn nìyẹn. Àríyànjiyàn tó ń lọ lọ́wọ́ lórí aṣọ, lórí ẹ̀wù tó ní ìborí àti ṣòkòtò péńpé, kò lè yé wa dáadáa àfi tí a bá ya oríṣi òfin méjèèjì yìí sọ́tọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú òfin aṣọ kan tó ní ìdí. Ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ilẹ̀ gbalasa kan wà tí wọ́n ń pè ní Wimbledon Common. Ilẹ̀ gbogbogbò ni. Àwọn kan ń mú ajá wọn rìn níbẹ̀, àwọn kan ń gẹṣin, àwọn ọmọdé ń sáré kiri, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù náà wà láàárín wọn. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá ń gbá gọ́ọ̀fù gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀wù pupa. Bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù le bí òkúta, tó bá ba ènìyàn lórí, ọ̀rọ̀ ti di ti ilé ìwòsàn. Ẹni tó bá rí pupa lọ́ọ̀ọ́kán yóò mọ̀ pé kí òun ṣọ́ra. Ìdí kan náà ni àwọn òṣèré gọ́ọ̀fù ayé àtijọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Scotland fi ń wọ kóòtù pupa lórí ilẹ̀ gbogbogbò. Bí ẹ bá bi òfin yìí pé kí ló wà fún, yóò dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Òfin bàtà náà lè dáhùn. Láti bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ni ọ̀pọ̀ pápá ti sọ pé àwọn kò fẹ́ bàtà tó ní ìṣó irin lábẹ́ mọ́, nítorí ó ń ya koríko tó yí ihò tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù sí ká, ibi tí koríko gbọ́dọ̀ tẹ́ bí ẹní. Ẹni tó bá wọ irú bàtà bẹ́ẹ̀ ń ba ọ̀nà jẹ́ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè bá òfin yẹn jà.

Kọ́là ńkọ́? Ìtàn rẹ̀ yani lẹ́nu. Ní ọdún 1926, René Lacoste, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ń gbá tẹníìsì, wọ ẹ̀wù alápá kúkúrú kan tó rọ̀, tó ń gba atẹ́gùn, lọ síbi ìdíje ńlá ti Amẹ́ríkà. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun alápá gígùn tí wọ́n fi sítáàṣì lọ̀ gan-gan ni aṣọ tẹníìsì nígbà náà. Ooru ń mú Lacoste, kò sì fẹ́ kí aṣọ di òun lápá, ló bá wá ọ̀nà àbáyọ. Ní 1933 ó ti dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ tó ń tà á. Ẹ̀wù yẹn ló ti orí pápá tẹníìsì wọ inú gọ́ọ̀fù, òun náà ló wá di ẹ̀wù tí a kò gbọdọ̀ kọjá. Ohun tí òṣèré kan ṣe kí ara lè tù ú lòfin fi ń ni àwọn ènìyàn lára lónìí.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn obìnrin tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Yẹ̀rì gígùn ni wọ́n fi ń gbá gọ́ọ̀fù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, yẹ̀rì tí atẹ́gùn etí òkun máa ń fẹ́ bo bọ́ọ̀lù mọ́ wọn lójú. Ní 1933, Gloria Minoprio dé ibi ìdíje àwọn obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Westward Ho! pẹ̀lú ṣòkòtò gígùn tó bá a lára mu, ọ̀pá kan ṣoṣo ló sì fi gbá gbogbo eré rẹ̀. Ọ̀pá kan ṣoṣo! Ẹni tó bá mọ gọ́ọ̀fù mọ ohun tí ìyẹn gbà. Ṣùgbọ́n ṣòkòtò ni àwọn aláṣẹ rí. Wọ́n sọ ọ́ síta pé inú àwọn kò dùn sí ẹni tó kúrò nínú aṣọ ìbílẹ̀ eré náà.

Ẹni tó bá rò pé ìyẹn ti di ìtàn, ẹ bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2017. LPGA, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí ọrùn aṣọ má ṣe là wálẹ̀ jù, kí yẹ̀rì má kúrú ju báyìí lọ, kí ẹ̀wù tí ẹ̀yìn rẹ̀ là máa ní kọ́là, kí ẹnikẹ́ni má sì wọ ṣòkòtò tó fún mọ́ itan láì wọ nǹkan lé e. Ẹni tó bá rú òfin yìí yóò san 1,000 dọ́là. Àwọn obìnrin yìí ni wọ́n ń rìn ju kìlómítà mẹ́jọ lọ lóòrùn, tí wọ́n ń fi gbogbo ara yí ọ̀pá. Àwọn elere ìdárayá ni wọ́n. Paige Spiranac, tí òun náà ti gbá gọ́ọ̀fù gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́, ta ko òfin náà ní gbangba, mo sì gbà pé ó jàre.

Ní ti àwọn ọkùnrin, ọ̀rọ̀ ṣòkòtò péńpé ló gba ọdún púpọ̀. Ní 1999, níbi ìdíje kan ní ìpínlẹ̀ Illinois, káádì kan, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn tó ń gbé àpò ọ̀pá tẹ̀lé òṣèré, ṣubú lulẹ̀ nínú ooru gbígbóná. Lẹ́yìn ìyẹn ni PGA Tour, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìdíje àwọn ọkùnrin ní Amẹ́ríkà, tó gbà kí àwọn káádì máa wọ péńpé. Ogún ọdún gbáko kọjá lẹ́yìn èyí, ó di 2019, kí wọ́n tó gbà fún àwọn òṣèré fúnra wọn, níbi ìgbáradì àti ọjọ́ tí wọ́n ń bá àwọn àlejò gbá nìkan. Ọjọ́ ìdíje, ṣòkòtò gígùn ni. Ní ọdún 2019 kan náà, ní Leopard Creek ní Gúúsù Áfíríkà, àwọn aláṣẹ ti European Tour rí i pé ooru fẹ́ pa àwọn ènìyàn, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n fi péńpé díje. Eré lọ bó ṣe yẹ kó lọ. Kò sí koríko tó kú.

Àwọn obìnrin ti ń fi ṣòkòtò péńpé díje tipẹ́tipẹ́. Oòrùn kan náà ló ń pa gbogbo wọn.

Ní oṣù Kẹwàá 2020, Tyrrell Hatton, òṣèré gọ́ọ̀fù ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ife BMW PGA ní Wentworth, nínú ẹ̀wù olówùú tó ní ìborí lẹ́yìn, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní húùdì. Òun ló borí, ṣùgbọ́n ẹ̀wù rẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹgbẹ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kìlọ̀ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ pé húùdì kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Àwọn mìíràn sì sọ pé bí irú aṣọ yẹn bá lè mú ọmọ ọdún 15 kan wá sí pápá, ẹ jẹ́ kó wọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Yorùbá ni mí, mo mọ̀ pé ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Aṣọ kì í ṣe nǹkan kékeré lójú wa. Èmi náà kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ síńgílẹ́ẹ̀tì jókòó síbi tí àwọn ènìyàn ti ń jẹun. Ẹgbẹ́ tó bá sọ pé kí aṣọ mọ́, kó bo ara, kó bá ibi tí a wà mu, kò ṣe ohun tó burú. Èyí tí mo ń bá jà ni òfin tó mú ìmúra ìlú kan, ní àsìkò kan, tó sì sọ pé òun nìkan ni ìmúra.

Nǹkan tó ń dùn mí ni pé gọ́ọ̀fù mọ bí wọ́n ṣe ń tún òfin ṣe. Ó ti ṣe é léraléra, ní ti eré fúnra rẹ̀. Òfin gọ́ọ̀fù àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni ti Leith, lẹ́bàá Edinburgh, ní 1744. Mẹ́tàlá péré ni. Àkọ́kọ́ nínú wọn ní kí o gbé bọ́ọ̀lù rẹ kalẹ̀ fún ihò tó kàn láàárín ìwọ̀n ọ̀pá kan sí ihò tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá tán. Ẹni tó bá dán ìyẹn wò lónìí, wọn yóò lé e kúrò lórí pápá, nítorí koríko etí ihò ni wọ́n ń tọ́jú jù. Òfin yẹn kú nígbà tí ìdí rẹ̀ kú.

Òfin kan tún wà tí wọ́n ń pè ní stymie. Bí bọ́ọ̀lù ẹni tí ẹ jọ ń gbá bá dúró sí àárín tìẹ àti ihò, o kò lè ní kó gbé e. Ìwọ ni yóò wá bí o ṣe máa gbá tìẹ fò ó tàbí yí i po. Àwọn àgbà eré fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n ní ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n oríire lásán ló ń fi fìyà jẹ ẹni tó gbá dáadáa, wọ́n sì pa á rẹ́ ní 1952. Kò sí ẹni tó ń sunkún rẹ̀ báyìí.

Nínú gọ́ọ̀fù, ẹni tí iye gbígbá rẹ̀ bá kéré jù ló ń borí, òṣèré fúnra rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n kọ iye náà sí. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin 1968, Roberto De Vicenzo, ọmọ Argentina, pé ọdún 45 lórí pápá Augusta ní Amẹ́ríkà, níbi ìdíje Masters. Ó fi gbígbá 3 parí ihò 17, ẹni tí wọ́n jọ gbá ṣèèṣì kọ 4 sílẹ̀ fún un, De Vicenzo kò wò ó dáadáa, ó fọwọ́ sí i. Gbogbo ayé ti rí 3 yẹn lórí tẹlifíṣọ̀n. Òfin ní 4 tó fọwọ́ sí náà ló gbọ́dọ̀ dúró. Ká ní wọ́n ka 3 náà fún un ni, òun àti Bob Goalby ìbá dọ́gba, wọn ìbá sì tún gbá a ní ọjọ́ kejì láti mọ ẹni tó borí. Wọ́n fún Goalby ní ife láì tún gbá a.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Lexi Thompson, obìnrin Amẹ́ríkà tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun, ní 2017 ni ìtìjú tó ṣí ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ó wà níwájú pẹ̀lú gbígbá méjì ní ọjọ́ ìkẹyìn ìdíje ANA Inspiration ní Kalifọ́níà. Ẹnì kan tó jókòó sílé níwájú tẹlifíṣọ̀n fi ímeèlì ránṣẹ́ pé ní ọjọ́ tó ṣáájú, nígbà tí Thompson gbé bọ́ọ̀lù rẹ̀ tó sì dá a padà, kò dá a padà sí ojú ibi tó wà gan-an. Ìwọ̀n kékeré ni, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Wọ́n bu gbígbá méjì lé e nítorí ìyẹn, wọ́n sì bu méjì mìíràn lé e nítorí ìwé tó ti fọwọ́ sí lánàá, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé àṣìṣe wà níbẹ̀. Ó ń sunkún, ó sì ń gbá. Ó jà títí tó fi bá So Yeon Ryu dọ́gba, kó tó pàdánù nígbà tí wọ́n tún un gbá.

Àwọn aláṣẹ kò sọ pé bí a ṣe bá a nìyẹn. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti kéde pé láti January 2018, ẹnikẹ́ni tó ń wòran nílé kò ní lè fi ẹjọ́ òṣèré sùn mọ́, wọ́n sì yọ ìyà ìwé lórí ẹni tí kò mọ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2019, R&A àti USGA, àjọ méjèèjì tó ń ṣe òfin gọ́ọ̀fù fún gbogbo ayé, gbé ìwé òfin tuntun jáde. Òfin 34 di 24. Ìṣẹ́jú márùn-ún tí wọ́n fi ń wá bọ́ọ̀lù tó sọnù di mẹ́ta. Ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ṣèèṣì yí lórí koríko etí ihò kò jẹ ìyà mọ́. O lè fi àsíá sílẹ̀ nínú ihò nígbà tí o bá ń gbá a wọlé. Ní 2023 wọ́n tún fi òfin tó bójú tó àwọn aláàbọ̀ ara sínú ìwé náà gan-an, dípò kó jẹ́ àfikún lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ ti dára. Bọ́ọ̀lù tó bá bọ́ sínú kòtò kékeré tí ọ̀pá ẹlòmíràn gbẹ́ sí àárín pápá, bẹ́ẹ̀ náà ni wàá ṣe gbá a. Ó ṣẹlẹ̀ sí Payne Stewart ní U.S. Open 1998, ó sì ń bí àwọn òṣèré nínú títí di òní. Ṣùgbọ́n òfin yẹn ní ìdáhùn: kí a gbá bọ́ọ̀lù níbi tó bá wà ni ìpìlẹ̀ eré náà, kò sì rọrùn láti sọ ibi tí kòtò parí sí tí koríko tó ti sàn bẹ̀rẹ̀. Inú mi kò dùn sí ìdáhùn náà, ṣùgbọ́n ìdáhùn ni.

Kí ló wá dé tí òfin eré fi ń yí padà, tí òfin aṣọ kò tètè yí? Lójú tèmi, nítorí pé ẹnu ọ̀nà ni òfin aṣọ ń ṣọ́, gọ́ọ̀fù kò sì fi ẹnu ọ̀nà ṣeré rí. Ní 1920, Walter Hagen, ọ̀kan lára àwọn tó dára jù láyé, dé ibi ìdíje Open, ìdíje àgbà ti Britain, ní Deal ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní ẹni tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun kò gbọdọ̀ wọ ilé ẹgbẹ́. Ó yá mọ́tò ńlá kan, ó gbé e síwájú ilé náà, inú rẹ̀ ló ti ń pààrọ̀ aṣọ. Láti 1934 títí di 1961, PGA ti Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun, kọ ọ́ sínú òfin rẹ̀ pé àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ló lè jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Ní Augusta, àwọn káádì aláwọ̀ dúdú ló ń gbé àpò fún gbogbo òṣèré títí di 1982. Wọ́n mọ gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ náà ju ẹnikẹ́ni lọ, ṣùgbọ́n ó di 1975 kí Lee Elder tó di ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tó díje níbẹ̀, ó di 1990 kí ẹgbẹ́ náà tó gba ọmọ ẹgbẹ́ dúdú kan, ó di 2012 kí ó tó gba obìnrin. Royal and Ancient, ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù ti St Andrews ní Scotland, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1754, dìbò gba obìnrin ní 2014.

Ti Muirfield, pápá kan lẹ́bàá Edinburgh, ló kàn mí jù, nítorí àwọn tó ni ín ni ẹgbẹ́ kan náà tó kọ òfin mẹ́tàlá ti 1744. Ní 2016 wọ́n dìbò lórí bóyá kí obìnrin wọlé. Àwọn tó fẹ́ pọ̀ ju àwọn tí kò fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n wọn kò tó ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ọjọ́ yẹn gan-an ni R&A sọ pé ìdíje Open kò ní lọ síbẹ̀ mọ́. Ní oṣù Kẹta 2017 wọ́n tún ìbò dì, ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ní 2022 àwọn obìnrin gbá Open tiwọn lórí pápá náà.

Agbára káká ni ẹgbẹ́ kan yóò fi kọ ọ́ sára ògiri lónìí pé a kò fẹ́ irú ènìyàn báyìí. Ìwé aṣọ ló ṣẹ́kù. Mi ò sọ pé gbogbo ìgbìmọ̀ tó ń bèèrè kọ́là ní ìkà nínú. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ènìyàn rere tó fẹ́ kí ibi tí wọ́n ń lò wà létòlétò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìwé yẹn ń dá padà kì í ṣe ọmọ olówó. Ọmọ tí kò mọ̀ pé irú òfin bẹ́ẹ̀ wà ló ń dá padà, ẹni tó wọ aṣọ tó dára jù nínú àpótí rẹ̀ wá.

Ní Nàìjíríà, ohun tí a jogún ni. Ikoyi Club ní Èkó ṣì gbé ọdún 1938 mọ́ orúkọ rẹ̀. Àwọn òyìnbó amúnisìn ló dá a sílẹ̀ fún ara wọn. Wọ́n ti lọ tipẹ́, tiwa ni àwọn pápá wa báyìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun nílẹ̀ wa ló sì bẹ̀rẹ̀ bíi káádì, tí wọ́n kọ́ eré náà nípa wíwo ọ̀gá wọn. Mo gbà pé owó ni ìdènà tó tóbi jù: owó ọ̀pá, owó bọ́ọ̀lù, owó tí ènìyàn fi ń di ọmọ ẹgbẹ́. Ìyẹn kò rọrùn láti yanjú. Òfin kọ́là kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ láti yọ kúrò. Ìpàdé gbogbogbò ọdún kan tó, kí ọmọ ẹgbẹ́ kan nàka sókè, kó ní kí wọ́n fi bùbá kún ohun tí ènìyàn lè wọ̀, kí ẹlòmíràn kín in lẹ́yìn, kí wọ́n sì dìbò. Tí ẹ bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ níbì kan, mo bẹ̀ yín, ẹ gbé e kalẹ̀ lọ́dún yìí.

Mo padà sí pápá yẹn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kejì, kọ́là wà lọ́rùn mi. Ẹ̀ṣọ́ náà rántí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ṣí géètì. Agogo méjì ọ̀sán ni. Òun náà wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ní kọ́là, ó fi sínú ṣòkòtò, ó de bọ́tìnnì rẹ̀ títí dé ọ̀fun. Mo bi í bóyá ó ti gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ rí. Ó ní ọdún kẹfà òun ní ẹnu ọ̀nà náà rèé, òun kò tíì gbá ẹyọ kan.